Ọmọlẹ́yìn Ọkọ̀ Lórí Òkè Ọ̀kà

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Àkókó dáadáa ni yóò mọ̀ pé àpáta pọ̀ níbẹ̀ ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Láti Ìkàrẹ́, ibi yòówù kí èèyàn kọjú sí, òkè ni yóò kọ́kọ́ rí. Ọ̀kà ńkọ́? Orí òkè gan-an ni àwọn baba ńlá wọn tẹ ìlú dó sí, wọ́gọwọ̀gọ sì ni ọ̀nà tó gun ibẹ̀ rí. Ọkọ̀ tó bá sọ pé òun lágbára, kí ó wá fi Òkè Ọ̀kà dán ara rẹ̀ wò.

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ìtàn ohun èlò kan tí àwa ọkùnrin ìjọ fi ọwọ́ ara wa ṣe, bí a ṣe ṣìṣe nínú rẹ̀, àti ohun tí òkè náà kọ́ wa. Kì í ṣe tírélà ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì là ń wí o. Àpótí onítáyà méjì lásán ni, tí píkọ́ọ̀pù ń fà lẹ́yìn. A ń kó àgọ́, ẹní, ìkòkò àti omi sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó gbé àwọn ẹrù sílẹ̀, a ó na tapólì bò ó, àwọn ọmọdé mẹ́ta yóò sì sùn sínú rẹ̀ láìsí pé ejò tàbí àkekèé sún mọ́ wọn. Àwọn ọmọ wa ló sọ ọ́ ní Ọmọlẹ́yìn, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ bá lọ ni òun náà ń lọ.

ÌDÍ TÍ A FI ṢE É

Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ bá dilẹ̀ díẹ̀, àwọn ìdílé kan nínú ìjọ wa máa ń lọ sí àwọn abúlé oko tó wà lẹ́yìn Ọ̀kà fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ilé ìtura níbẹ̀. Òkúta àti kòtò ni ojú ọ̀nà. A máa ń pàgọ́, a máa ń bá àwọn àgbẹ̀ jẹun, arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, àwọn ọmọ wa àti ọmọ wọn yóò sì jọ kọrin ní alẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìgboro Ìkàrẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń sá kòkó sóòrùn.

Ṣùgbọ́n ìrìn àjò yìí ní wàhálà tirẹ̀. Ẹrù àti èèyàn la jọ ń há mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Lọ́dún kan, bí ọkọ̀ ṣe já sínú kòtò, ìkòkò irin kan yí, ó sì balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Egungun rẹ̀ kò kán, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ fún wa gbangba pé bí a kò bá lè ya ẹrù sọ́tọ̀ kúrò lára èèyàn, òun kò ní gbé ọmọ òun wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. A pinnu pé kí ọdún tó yí po, ẹrù yóò ní ọkọ̀ tirẹ̀.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Ẹni tó bá ka ìwé Númérì orí keje yóò rí i pé àwọn olórí Ísírẹ́lì mú kẹ̀kẹ́ ẹrù bíbò mẹ́fà àti màlúù méjìlá wá fún iṣẹ́ àgọ́. Mósè kò kàn pín wọn bó ṣe wù ú. Ó fún àwọn ọmọ Gerṣoni tó ń ru aṣọ àgọ́ ní méjì, ó fún àwọn ọmọ Merari tó ń ru pákó, òpó àti ìtẹ̀lẹ̀ ní mẹ́rin, nítorí ẹrù tiwọn ló wúwo jù. Àwọn ọmọ Kohati kò gba ìkankan, torí pé èjìká ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ru ohun mímọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní òde òní, a mọ̀ pé ní ọdún 1885, oníṣègùn kan tó tún jẹ́ òǹkọ̀wé, William Gordon Stables, jẹ́ kí wọ́n kan ilé onítáyà kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹṣin ń fà, kí ó lè máa fi rìnrìn àjò ìgbafẹ́ káàkiri. Ó sọ ọ́ ní The Wanderer. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ilé iṣẹ́ American Bantam àti Willys ní Amẹ́ríkà ṣe ọmọlẹ́yìn kékeré fún ọkọ̀ jíìpù àwọn ológun. Ìdá mẹ́rin tọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣe é láti gbé lójú ọ̀nà burúkú, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kílò 227. Táyà rẹ̀ àti táyà jíìpù bá ara wọn mu, àpótí rẹ̀ kò sì gba omi wọlé, débi pé ó lè léfòó bí wọ́n bá ń fà á kọjá odò. Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ìdílé rà wọ́n fi lọ pàgọ́.

Àwọn baba tiwa náà mọ ìnira ẹrù nínú ogun yẹn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jà ní Bọ́mà. Orí ni àwọn aláàárù wọn fi ru oúnjẹ àti ọta la igbó àfonífojì Kaladan já. Kí wọ́n tó wọ ibẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù tó tó nǹkan bíi máìlì 75 gba orí àwọn òkè. Ẹni tó bá ti fi orí ru ẹrù gun òkè rí ni yóò mọ iyì táyà.

BÍ A ṢE KỌ́KỌ́ ṢE É

A lọ bá ọ̀gá ajórin kan ní Ìkàrẹ́, ẹni tí a ti mọ̀ tipẹ́. A ra irin oníhò tó nípọn, a ra ọ̀pá tó so táyà méjì pọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní axle, láti ara píkọ́ọ̀pù àlòkù, pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀. A fi irin ṣe àpótí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. A na ọ̀pá ìfà jáde níwájú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ní ẹ̀yìn, a ṣe ilẹ̀kùn tó ń wó sílẹ̀ bíi tábìlì, kí àwọn ìyá lè máa dáná níbẹ̀.

Àárín gbùngbùn àpótí la gbé ọ̀pá táyà sí. Lójú tiwa, ibẹ̀ ló dọ́gba. Nígbà tí a wá ń kó ẹrù sí i, a kó jẹnẹrétọ̀, sílíńdà gáàsì àti kẹ́ẹ̀gì omi sí ẹ̀yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ìdáná wà.

Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ajórin náà, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé orí ọ̀pá ìfà sókè, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, iwájú rẹ̀ ti fúyẹ́ jù. Yóò máa jà lẹ́yìn ọkọ̀.” Ọ̀kan nínú wa dá a lóhùn pé, “Ọmọ, ọdún mélòó lo ti lò lẹ́nu iṣẹ́?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dákẹ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. A kọ èyí síbí nítorí pé a kò fẹ́ fi ẹ̀bi wa pamọ́. Àwọn àgbà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwa fi tiwa nìkan dá ọmọlẹ́yìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa gbéra, àwọn ọ̀dọ́ méjì bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn jókòó sórí ẹrù nínú Ọmọlẹ́yìn. Àwa ọkùnrin kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ìyá Ìjọ ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ ṣe é ni pé kí ẹrù yàtọ̀ sí èèyàn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.” Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tìkanratìkanra.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́NÀ

Nígbà tí a ń gun òkè lọ sí Ọ̀kà, awakọ̀ wa ṣàkíyèsí pé ìdí píkọ́ọ̀pù ń fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n a ń lọ. Nígbà tí a kọjá ìlú tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, Ọmọlẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Ẹ̀rù ba awakọ̀, ó tẹ bíréèkì lójijì. Ìyẹn ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Orí ọ̀pá ìfà fò kúrò lára ọkọ̀. A kò so ṣéènì kankan mọ́ ọn. Àpótí náà dá ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ré ọ̀nà kọjá, ó fo kòtò, ó sì lọ wó ògiri ilé ìdáná ìyá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà ti yí.

Ìyá náà ti lọ pọn omi. Iná rẹ̀ ṣì ń jó lábẹ́ ìkòkò.

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tó fara pa, ògo ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kì í ṣe ọgbọ́n wa ló kó wa yọ. Nígbà tí ìyá náà dé, ó wo ògiri rẹ̀, ó wo àwọn ìkòkò wa tó fọ́n káàkiri, kò pariwo. Ó kàn bi wá pé, “Ta ló wọn ẹrù yín kí ẹ tó gbéra?” A wo ojú ara wa. Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n.

A kò lọ sí abúlé lọ́dún náà. Ọjọ́ mẹ́ta tí a yà sọ́tọ̀, ibẹ̀ la ti lò ó, tí a ń pọn amọ̀, tí a ń mọ ògiri ìyá náà padà.

BÍ A ṢE TÚN UN ṢE

Nígbà tí a dé Ìkàrẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ yẹn la kọ́kọ́ lọ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ojú tì í, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí a má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, òun ló kọ́ wa ní ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀.

Èkíní, ẹ wọn ẹrù. A yá òṣùwọ̀n ńlá tí àwọn tó ń ra kòkó fi ń wọn àpò. Àpótí àti ẹrù tí a kó lọ́jọ́ yẹn jẹ́ kílò 480 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé orí ọ̀pá ìfà lé òṣùwọ̀n lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kílò 12 péré ló gbé. Ohun tó yẹ ni pé kí orí ọ̀pá ìfà gbé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo gbogbo rẹ̀. Bí iwájú bá fúyẹ́ jù, ẹ̀yìn ni yóò máa darí ọkọ̀. Bí ó bá sì wúwo jù, yóò tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, táyà iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa.

Èkejì, ẹ sún ọ̀pá táyà sẹ́yìn. Àpótí tiwa jẹ́ ínṣì 72 ní gígùn, àárín rẹ̀ sì ni ínṣì 36. A sún ọ̀pá náà sẹ́yìn ní ínṣì méje, ó wá di ínṣì 43 láti iwájú. Ìyẹn ni pé ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá àpótí wà níwájú táyà. A gbé jẹnẹrétọ̀ wá síwájú, a sì to omi sórí ọ̀pá táyà gan-an. Kẹ́ẹ̀gì omi ńlá kan jẹ́ kílò 25. A yọ kẹ́ẹ̀gì méjì kúrò, nítorí omi wà ní abúlé, a sì yọ àwọn ìkòkò tí a kò nílò. Àpapọ̀ rẹ̀ wá di kílò 420, orí ọ̀pá ìfà sì gbé kílò 50.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe ìdè rẹ̀ kó lágbára. A yọ èyí tó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, a fi òrùka irin àti ìkọ́ tó ní ìdérí àti ìtì rọ́pò rẹ̀, bíi ti àwọn jíìpù ológun. Lójú ọ̀nà oko, táyà kan lè wà nínú kòtò kí èkejì wà lórí òkúta. Òrùka náà á yí láàyè ara rẹ̀ láìjá. Lẹ́yìn náà, a so ṣéènì méjì tó kọ ara wọn ní àgbélébùú lábẹ́ ọ̀pá ìfà, kí ṣéènì lè gbà á mú bí ìdè bá kọ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí táyà ọmọlẹ́yìn àti ti ọkọ̀ jẹ́ oríṣi kan náà, kí fífẹ̀ ẹsẹ̀ wọn sì bára mu. Táyà àpọ̀jù kan yóò gba gbogbo wọn là, ọmọlẹ́yìn yóò sì máa tẹ ojú ipa tí ọkọ̀ ti là sílẹ̀. Bí sípíríǹgì bá le jù fún ẹrù kékeré, àpótí yóò máa fò bíi tata. Ewé sípíríǹgì méjì la yọ kúrò nínú tiwa. Ẹ má ṣe jó irin mọ́ ewé sípíríǹgì láé, iná á sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì àti iná ìyànà gbọ́dọ̀ máa tàn lára ọmọlẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń tàn lára ọkọ̀. Ẹ lẹ ohun pupa tó ń dán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fún òru.

Ọ̀RỌ̀ BÍRÉÈKÌ

Ní Àkókó, a kò lè fi ọ̀rọ̀ bíréèkì ṣeré. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó kó sìmẹ́ńtì pàdánù ìjánu rẹ̀ ní Àkùngbá, ó sì ya lu àwọn èèyàn nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó kú. Ọ̀fọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn òbí ní agbègbè wa. Àpótí kékeré kò tó ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n kílò 420 tó ń ti èèyàn lẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe ohun kékeré.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin sọ pé ọmọlẹ́yìn tí kò ní bíréèkì tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 750 lọ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ìdajì ìwúwo ọkọ̀ tó ń fà á. Àwa fi ààlà tiwa sí kílò 420 nítorí òkè wa. Ẹni tó bá fẹ́ gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó ní kí wọ́n bá òun fi bíréèkì sí ọmọlẹ́yìn fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì tó gbé e sójú títì, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tó wà nítòsí yín, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sọ ìwé tó yẹ fún yín.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì bá yín di ọkọ̀ mú. Àwa kì í kọjá kìlómítà 40 ní wákàtí kan lórí òkè. Bí ọmọlẹ́yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì ṣe yí sítíárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ dì í mú ṣinṣin, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró, kí ẹ tún ẹrù tò. Bí ẹ bá dé ibùdó, ẹ fi ọwọ́ kan àárín táyà. Bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà á, gíríìsì ti gbẹ lára bíárìn rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ èyí: ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọmọlẹ́yìn nígbà tó bá ń lọ, ì báà ṣe ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá dúró, ẹ kọ́kọ́ fi òkúta dí táyà rẹ̀ kí ẹ tó tú u kúrò lára ọkọ̀. Sílíńdà gáàsì gbọ́dọ̀ wà ní ìdúró, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé e jáde kí ọmọdé tó wọlé sùn.

NÍ ALẸ́ Ọ̀JỌ́ KÌÍNÍ

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a tún gbéra. Ọmọ iṣẹ́ yẹn bá wa lọ, iwájú ọkọ̀ la fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè Ọ̀kà, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Ọmọlẹ́yìn ń tẹ̀ lé wa wọ́ọ́rọ́, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yí, a dúró kí ìyá àgbàlagbà yẹn. Ó jáde wá, ó rìn yí àpótí náà ká, ó fi ọwọ́ gbá a, ó ní, “Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí?” A ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ó fún wa ní iṣu márùn-ún, ó ní kí àwọn ọmọ fi jẹun.

Ọmọ iṣẹ́ náà gba iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó ń wo ibi tí òun yóò kó o sí. Ẹnìkan nínú wa ní kó jù ú sẹ́yìn. Ó mi orí, ó ní, “Rárá sà, iwájú ni.” Gbogbo wa sì dúró dè é títí ó fi tò ó tán.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ tí ìkòkò bọ́ lé lẹ́sẹ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tó sùn sínú Ọmọlẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ló na nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò wọ́n. Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo ìdílé wa. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ yá òṣùwọ̀n kí ẹ tó ra irin.